Ìwé Tí Wọ́n Tì Mọ́ Kọ́bọ́ọ̀dù

"Ẹ ṣí i!" Ata-wẹ́wẹ́ ń fọwọ́ lu gíláàsì kọ́bọ́ọ̀dù gbàgbàgbà. "Bàbá Kọ́kọ́rọ́, ẹ ṣí i!"

Olùṣọ́ gbọ̀ngàn àdúgbò kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. Ó ń nu àga lọ ní tirẹ̀. "Ọwọ́ ìdọ̀tí ni gbogbo yín ní. Àlejò ń bọ̀ wá wo ìwé wọ̀nyí. Mímọ́ ni mo fẹ́ kí wọ́n bá a."

"Ṣé àlejò ló máa kà á ni?"

"Ẹnu rẹ á pa ọ́! Abájọ tí wọ́n fi ń pè ọ́ ní Ata."

Inú ọmọbìnrin náà ń hó bí omi orí iná. Láti ìgbà tí wọ́n ti gba ìsinmi, òun àti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ti ń tọrọ ìwé ìtàn àlòkù láti ojúlé dé ojúlé. Èyí tó ya, wọ́n fi ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá rẹ̀ rán an. Èyí tí èèpo rẹ̀ bọ́, wọ́n fi ìyẹ̀fun tí wọ́n pò mọ́ omi gbígbóná lẹ̀ ẹ́. Wọ́n fẹ́ máa kà á fún àwọn ọmọdé lọ́sàn-án, kí ara tù wọ́n, kí ìwé má sì jọ ẹgba lójú wọn mọ́. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí àwọn ẹgbẹ́ ń pè ní olódo, ti yan ìwé ẹlẹ́ṣin kan. Ó ti ń dá ojú ewé àkọ́kọ́ kà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe kó ìwé náà dé gbọ̀ngàn, Bàbá Kọ́kọ́rọ́ gbà á, ó tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù.

Nígbà tó délé, tó sì rojọ́, bàbá rẹ̀ tó jẹ́ télọ̀ gbójú sókè lórí aṣọ tó ń rán. "Ìwé tí ẹ fi ìyẹ̀fun lẹ̀? Kòkòrò á jẹ ẹ́ bí kò bá rí atẹ́gùn. Padà lọ, kí o fi sùúrù sọ fún un."

"Mi ò lọ! Kó jókòó tì í!"

"Ìbínú ò mọ̀ pé olówó òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ o, ọmọ mi."

Kò gbọ́. Kò padà lọ sọ fún Bàbá Kọ́kọ́rọ́, ó fi ìbínú rọrí sùn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, lọ́jọ́ tí àlejò dé, Bàbá Kọ́kọ́rọ́ fi yànga ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Aáyán ya jáde gììrì bí ọmọ iléèwé tó gbọ́ aago ìparí. Àlejò fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

"Ẹ fi oúnjẹ lẹ ìwé, ẹ ò sọ fún mi!" Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ń jágbe.

"Ẹ̀yin lẹ tì í pa!"

"Èmi ni. Ìwọ ńkọ́? Ṣé o ò mọ̀ ni?"

Ata-wẹ́wẹ́ yíjú sí àwọn ìwé náà. Àbúrò rẹ̀ ti gbé ìwé ẹlẹ́ṣin náà mọ́ àyà. Ìdajì rẹ̀ ti di ẹ̀rún.

"Sísítà, ṣé mi ò ní mọ ibi tí ẹṣin náà sá lọ mọ́?"

Ìbéèrè yẹn ta á ju ìgbátí lọ. Inú ṣì ń bí i, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ó na ọwọ́. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Òwú nìkan la ó fi rán èyí tó kù, a ó sì máa ṣí i lójoojúmọ́."

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ kùn sínú, ó yọ ọ́ fún un.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n tẹ́ ẹní sílẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ka ìwọ̀nba tí aáyán ṣẹ́kù, ó ń kọsẹ̀, ó ń dìde, ẹnì kan kò sì pè é ní olódo.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìbínú kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ bí wọ́n bá rẹ́ yín jẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ òótọ́, tó tìtorí ìbínú gbé e mì, aáyán ló ń bọ́.