Ìborùn Lórí Àpò Ìtọ̀

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, bóyá ara rẹ le koko bí ota. Ti Àfínjú náà le bẹ́ẹ̀ rí.

Télọ̀ ni. Àfínjú ni àwọn oníbàárà ń pè é, nítorí pé ìdọ̀tí kì í kan ṣòkòtò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ṣàìsàn lẹ́yìn ìbímọ, tó ń tọ̀ sórí ibùsùn, ṣe ni Àfínjú wọ́ fóòmù náà síta, ó gbé e ti iwájú ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ wá wo òkun tí mo fẹ́ sílé o!"

Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́. Níbẹ̀ ló ti ké pe Jésù lọ́jọ́ yẹn, tó sì fi ayé rẹ̀ fún un. Láti ọjọ́ yẹn náà ni kò ti bá ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, Àfínjú darúgbó. Ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta á bí ata, díẹ̀díẹ̀ ló ń kán, òórùn rẹ̀ sì burú. Ó rántí fóòmù ọjọ́sí, ẹ̀rù bà á. Ó bá fi omi mímu sílẹ̀ pátápátá, ó ní bí òun kò bá mu, òun kò ní tọ̀. Ọgbọ́n àgbọ́njù ní í pa òdù ọ̀yà.

Alágbàfọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù wọn jọ kángun síra ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bó ṣe gbé áyọ̀ọ̀nù gbígbóná lé ṣòkòtò Àfínjú báyìí, òórùn ìtọ̀ sọ.

"Ọ̀rẹ́ mi, lọ sí ọsibítù. Kó o sì fọkàn ẹ fún Jésù, torí ohun tó ò ń fi pa mọ́ ju ìtọ̀ lọ."

"Kí Jésù ẹ wá bá mi fọ ṣòkòtò náà!" Àfínjú fi ẹ̀rín lé e kúrò.

Kò pẹ́, òtútù mú un nínú oòrùn ọ̀sán, ó ń gbọ̀n. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gé kóòtù ọkọ ìyàwó tó ti rán tán sí wẹ́wẹ́, ó ń bi ẹ̀rọ ìránṣọ léèrè ibi tí ìyá òun lọ. Àwọn oníbàárà ní ó ti mutí yó, wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ kàn án: ara rẹ̀ gbóná janjan, ètè rẹ̀ ti gbẹ, ó ti bó. Òun àti alágbàfọ̀ ló gbé e dé ọsibítù.

"Ojú ìtọ̀ ni àìsàn yìí ti bẹ̀rẹ̀," ni dókítà wí. "Ó ti wọnú ẹ̀jẹ̀. Lára àgbàlagbà, nígbà míì orí ló máa ń kọ́kọ́ dàrú. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi pẹ́ tó báyìí?"

Wọ́n fa oògùn sí i lára, wọ́n fi rọ́bà fa ìtọ̀ rẹ̀ sínú àpò kan. Nígbà tí iyè rẹ̀ sọjí, ohun tó kọ́kọ́ rí ni ìtọ̀ ara rẹ̀, tó dúdú, tó rọ̀ gbangba lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn oníbàárà wá kí i. Àpò ni wọ́n ń wò, wọn kò wojú rẹ̀.

"Àfínjú," ni arúgbó kan láàárín wọn, tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ fóòmù, wí, "òkun ti wá kí ìwọ náà o!"

Gbogbo wọ́ọ̀dù bú sẹ́rìn-ín. Ìtìjú bò ó, ó wu ú kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì.

Ìyàwó rẹ̀ dìde. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó fi bo àpò náà.

"O ti dárí jì mí ni?" ni ọkọ rẹ̀ bi í.

"Rárá o. Mi ò tíì lè ṣe é, ojoojúmọ́ ni mò ń bẹ Jésù kí n lè ṣe é. Òun ló ní kí n bò yín."

Ẹkún gbọn Àfínjú ju òtútù lọ. "Jésù, ìkà ni mí. Gbà mí." Alágbàfọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n jọ gbàdúrà.

Ẹ̀mí rẹ̀ kò lọ, ṣùgbọ́n kídìnrín rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò. Àìsàn kan náà ló ń ṣe ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì. Nígbà tí alágbàfọ̀ bá a sọ̀rọ̀ Jésù, ẹni náà ní kó padà wá lọ́la. Kí alágbàfọ̀ tó padà dé, ẹni náà ti kú, wọ́n ti ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà.

Ìwọ ń kọ́? Bí ìtọ̀ bá ń ta ọ́, lọ sí ọsibítù. Ṣùgbọ́n dókítà wo ni yóò wo ìkà tí o ti ṣe? Ó ti wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ, ò ń rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò gbé ohun tó wà nínú rẹ kọ́ síwájú ìtẹ́ ìdájọ́, tí gbogbo ojú yóò sì wò ó. Ìborùn ìyàwó kò ní sí níbẹ̀. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yìí, kí o ké pe Jésù lónìí, nígbà tí ó ṣì ń fẹ́ láti bò ọ́.