Ìlà Búlọ́ọ̀kù Mẹ́fà Àbọ̀

Ìwé mẹ́rin ni mo kà kí n tó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ka ìlà búlọ́ọ̀kù. Ohun tí mo fojú ara mi rí, tí mo fọwọ́ ara mi wọ̀n, ni mo fẹ́ sọ. Mi ò fi kún un. Mi kì í mutí, ojú ò sì dùn mí. Ògiri tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì wà ní Ogida, àdúgbò wa, títí di òní. Ẹni tó bá wù kó wá fọwọ́ kàn án.

Lébìrà ni mí. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń po kọnkéré fún àwọn bíríkìlà ní Benin. Ọmọ Benin ni Comfort, ìyàwó mi. Ọmọ kan ṣoṣo la bí. Títílọpẹ́ lorúkọ rẹ̀. Tí mo bá sọ Yorùbá sí i, á gbọ́, ṣùgbọ́n Pidgin ló fi ń dá mi lóhùn.

Ọwọ́ Títí kì í dúró. Ó máa ń ra ọ̀dà inú agolo, irú èyí tí wọ́n ń tẹ̀ lórí tí á fọ́n jáde bí èéfín, òun ló fi ń ya àwòrán sára ògiri àdúgbò. Ó tún ń ṣe ẹ̀wù fún àwọn ọ̀dọ́, ẹ̀wù dúdú tó ní fìlà lẹ́yìn ọrùn. Àmì kan náà ló wà lára gbogbo wọn: àkùkọ pupa ní àyà. Ẹ̀yìn a wà ní dúdú lásán. Mo bi í pé kí ló dé tí kì í ya nǹkan kan sẹ́yìn.

"Papa, na front person suppose show," ó ní.

Ní ọdún 2012 yìí, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kó lọ, ó ya àwòrán kan sára ògiri ọgbà ilé kan tí wọn ò kọ́ parí, ní ìkángun àdúgbò wa. Ọ̀nà gígùn kan ló yà, iyanrìn lọ́tùn-ún, iyanrìn lósì. Ó ya ara rẹ̀ sórí ọ̀nà náà. Ó kẹ̀yìn sí wa, pẹ̀lú ẹ̀wù dúdú rẹ̀ àti bàtà kánfáàsì funfun. Àbúdù, bíríkìlà tí mo ń bá ṣiṣẹ́, dúró, ó ka iye ìlà búlọ́ọ̀kù tí àwòrán náà gbà láti ẹsẹ̀ dé orí.

"Ìlà mẹ́fà àbọ̀," ó ní. "Bí òun gan-an ṣe ga nìyẹn. Ọmọ yìí mọ ìwọ̀n ju ìwọ bàbá ẹ̀ lọ."

Italy ni Títí ń lọ. Wọ́n ní inú aṣálẹ̀ ni wọ́n máa gbà. Mo lè dá a dúró. Mi ò dá a dúró. Nígbà tó gbé àpò rẹ̀, ó ní, "Mò ń bọ̀, Bàbá." Yorùbá ló fi sọ ọ́.

Ó pè wá láti Agadez, ìlú tó wà lẹ́nu aṣálẹ̀. Ó ní ọkọ̀ wọn máa gbéra lọ́jọ́ kejì. Láti ìgbà náà, fóònù rẹ̀ ò wọlé mọ́.

Ní ọjọ́ kejì yẹn, mo gba ẹ̀gbẹ́ ògiri náà lọ síbi iṣẹ́. Mo dúró. Mo kà á. Ìlà mẹ́fà ni. Àbọ̀ ti lọ.

Ọ̀dà náà ò bó. Kò síbi tí wọ́n ti tún un kùn. Ó kàn kéré sí i ni, bí ẹni tó ti rìn síwájú díẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó di márùn-ún. Lẹ́yìn náà, mẹ́rin. Mo máa ń dúró níbẹ̀ tí mo bá ń lọ, tí mo bá ń bọ̀. Àbúdù bá mi níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Bàbá Títí, ṣé o fẹ́ gbé ògiri yìí níyàwó ni?"

"Bá mi kà á."

Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń kà á. Ó tún un kà. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Mẹ́ta," ó ní. Ó gbé ṣọ́bìrì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó lọ. Kò gba ọ̀nà yẹn mọ́.

Mi ò sọ fún Comfort. Ọ̀kan nínú ẹ̀wù Títí ló fi ń sùn. Láràárọ̀ ló máa ń bi mí.

"Ó pè?"

"Rárá."

Á ká ẹ̀wù náà, á fi sábẹ́ ìrọ̀rí.

Nígbà tó di àárọ̀ Jímọ̀ kan, àwòrán náà ò ju àtàǹpàkò mi lọ. Mo mọ̀ pé tó bá di ọ̀la, kò ní sí mọ́. Kí ni lébìrà mọ̀ ọ́n ṣe? Níbi iṣẹ́, tá ò bá fẹ́ kí ọkọ̀ gba ibì kan, a máa ń dí i ni. Ẹni tí kò bá rí ọ̀nà lọ, á padà sílé. Ohun tí mo rò nìyẹn.

Ní àárọ̀ Sátidé, kí ojú tó mọ́ dáadáa, mo po sìmẹ́ńtì sínú garawa, mo lọ. Mi ò wo àwòrán náà. Mi ò lè wò ó. Mo dorí kodò, mo rẹ́ ọ̀nà náà pa látòkè délẹ̀. Ojú ibì kan wà láàárín tí sìmẹ́ńtì ò fẹ́ lẹ̀. Mo fi í, ó já bọ́. Mo tún fi í, ó já bọ́. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, mo sì dì í mú títí ó fi gbà.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ṣèyíọlá wá pè wá. Ọmọ Ondo ni, ó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì, òun àti Títí ni wọ́n jọ ń ta ẹ̀wù. Ó ní àwọn gba gbọ̀ngàn kan ní Airport Road, àwọn fẹ́ pàtẹ ẹ̀wù àwọn níbẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò gbogbo ògiri tí wọ́n yàwòrán sí, láti Iyaro dé Ogida.

"Ti Títí ló wà láàárín," ó ní. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá. Kí Màámi náà wá."

Ẹ̀wù Títí ni Comfort wọ̀ lọ.

Àwọn ọ̀dọ́ kún ibẹ̀. Wọ́n fi okùn ta ẹ̀wù sókè bí aṣọ tí wọ́n sá. Dúdú ni gbogbo wọn wọ̀, wọ́n fa fìlà borí, wọ́n kẹ̀yìn sí wa, wọ́n ń wo ara ògiri. Títí mẹ́wàá. Títí ogún. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan léjìká. Ó yíjú. Mi ò mọ̀ ọ́n rí.

"Papa, you dey find person?"

Mo mi orí.

Comfort ló kọ́kọ́ dé ibi fọ́tò ògiri Títí.

"Àkùkọ," ó ní. "Bàbá Títí, wá wo àkùkọ."

Mo sún mọ́ ọn. Ọ̀nà yẹn ni, iyanrìn yẹn ni. Ẹnì kan kékeré wà lórí ọ̀nà náà. Ohun pupa kan wà ní àyà rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kan wà lókè, bí ẹni tó ń ké sí ọkọ̀ kó dúró.

Mo bi Ṣèyíọlá ìgbà tó ya fọ́tò náà.

"Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo rò pé Títí ti dé ni, Bàbá. Mo rò pé òun ló wá yí i padà."

"Báwo ló ṣe tóbi tó?"

Ó ronú. "Ó máa tó búlọ́ọ̀kù kan."

Àtàǹpàkò láàárọ̀. Búlọ́ọ̀kù kan nírọ̀lẹ́. Mo jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ yẹn.

Lójú ọ̀nà ilé ni mo sọ fún Comfort bí àwòrán náà ṣe ń kéré sí i, àti pé mo ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ pa. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Mú mi lọ síbẹ̀."

Tí a bá rẹ́lé tán, ìdí ṣíbí tí a fi rẹ́ ẹ la fi ń kàn án wò. Ibi tí sìmẹ́ńtì bá lẹ̀ dáadáa, ohùn rẹ̀ á kú. Ibi tí kò bá lẹ̀, á dún bí ìkòkò òfìfo. Mo kàn án káàkiri. Ó kú. Ó kú. Mo dé àárín, ó dún. Mo wọn ibi tó ń dún. Ìlà méjì ni.

"Fọ́ ọ," Comfort ní.

Mo kọ́kọ́ gbìyànjú igun kan lókè. Sìmẹ́ńtì ṣí, ọ̀dà Títí sì bá a wá. Búlọ́ọ̀kù lásán ló kù. Mo dáwọ́ dúró.

"Tí mo bá ya á dànù ńkọ́?"

Comfort gbé etí lé ògiri.

Láti ìgbà náà, àwa méjèèjì la jọ ń lọ nírọ̀lẹ́. Mo ń kàn án, ó ń kà á. Ìlà mẹ́ta. Ìlà mẹ́rin. Ọyẹ́ dé, gbogbo ògiri àdúgbò gbẹ, wọ́n sán. Èyí ò sán. Ìlà mẹ́fà.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó di mẹ́fà àbọ̀. Láti ọjọ́ náà, kò lé, kò dín. Òní ló di ọjọ́ mẹ́ta. Òòlù wà lọ́wọ́ mi bí a ṣe dúró níwájú ògiri. Comfort fi ìka kàn án lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn àlejò.

"Ṣé ó ti dé?" ó bi mí.