Abẹ́rẹ́ Onídìrí àti Bátìrì Bàálù Tó Wú

Wọn kò sọ ọ́ fún mi, ojú mi ló ṣe. Ọwọ́ mi náà sì wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè dákẹ́.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni. Mò ń di irun oníbàárà kan lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù mi nígbà tí mo gbọ́ ohùn Télọ̀ láti ìhà kejì pákó tó là wá láàárín.

"Onídìrí! Ó ti jíǹde o!"

"Ta ló jíǹde?"

"Bàálù mi!"

Gbogbo òpópónà wa ló mọ bàálù yẹn. Télọ̀ gidi ni ọkùnrin yìí, ṣòkòtò tó bá rán kì í tú nídìí, ṣùgbọ́n Páílọ́ọ̀tì ni gbogbo wa ń pè é. Ọdún kan gbáko ló fi kan bàálù kékeré tí wọ́n ń fi rìmóòtù darí. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló fi ṣe egungun rẹ̀, fóòmù ló fi ṣe ara rẹ̀, ó wá fi ìrépé aṣọ sátíìnì bo apá rẹ̀ méjèèjì. Ní gbogbo Sátidé, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á kóra jọ sí pápá lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, àgbàlagbà pẹ̀lú irùngbọ̀n, wọ́n á máa gbójú sókè bí ọmọdé. Ní Sátidé tó ṣáájú, bàálù náà fi imú gbá igi. Imú yẹn gan-an ni bátìrì rẹ̀ wà.

Nígbà tí mo parí irun, mo kọjá sọ́dọ̀ rẹ̀. Bàálù wà lórí tábìlì tó fi ń gé aṣọ, ó dúró ṣánṣán. Màmá Télọ̀ jókòó sórí àga wọn, láàárín ẹ̀rọ ìránṣọ àti ìdì ìrépé aṣọ, wọ́n ń gán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n tẹ́ sí itan. Ojú Màmá ti ń ṣe bàìbàì, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ríran. Bọ́tìnnì tí Màmá bá gán, aṣọ ló máa kọ́kọ́ ya kó tó já.

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá."

"Òo, ọmọ mi. Wá wo ọkọ rẹ, kò jẹun láti àárọ̀."

"Èmi kọ́ ni ìyàwó rẹ̀, Màmá. Bàálù ni ìyàwó rẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àmọ́ Páílọ́ọ̀tì kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹjú mọ́ ṣájà tó wà létí tábìlì. Iná pupa ń ṣẹ́jú lára rẹ̀.

"Kí ló ń ṣe é?" ni mo bi í.

"Kò gbà. Láti àárọ̀ ni mo ti so bátìrì mọ́ ọn, kò gbà. Wò ó, ó wú."

Mo wò ó lóòótọ́. Bátìrì náà kò ju ọṣẹ ìfọṣọ kan lọ, ike fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi wé e, ikùn rẹ̀ sì ti yọ síta bí ìrọ̀rí.

"Ó ti lóyún," ni mo wí. Ẹ̀rín tún pa wá. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi wo ẹ̀rín!

"Ìyá Fóònù ńkọ́?" ni mo bi í. Ìyá Fóònù ni obìnrin tó ń tún fóònù ṣe ní iwájú wa, kò sí ohun tó ń lo bátìrì tí wọn kò mọ ìdí rẹ̀.

"Wọ́n ní kí n gbé e wá kí àwọn wò ó. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Wọ́n á ní kí n má lò ó mọ́. Bẹ́ẹ̀, Sátidé ni ọ̀túnla."

Màmá gbé orí sókè. "Atẹ́gùn ló kún inú rẹ̀. Bí bàtà bá bó mi lẹ́sẹ̀ tí iléròrò yọ, ṣebí abẹ́rẹ́ ni mo fi ń tú u? Kíá, á rọlẹ̀."

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí létí mi nígbà náà: ó bọ́gbọ́n mu. Nínú ṣọ́ọ̀bù télọ̀, kí ni abẹ́rẹ́ kì í yanjú?

Páílọ́ọ̀tì mú abẹ́rẹ́ kan, ó gún un. Abẹ́rẹ́ ṣẹ́. Ó bojú wò mí.

"Onídìrí, abẹ́rẹ́ tó o fi ń rán irun dà? Èyí tó nípọn tó tẹ̀ yẹn."

Àyà aṣọ iṣẹ́ mi ni mo máa ń fi í há. Mo yọ ọ́, mo nà án sí i.

"Dá a padà o, ẹyọ kan péré ni mo ní."

"Màmá, ẹ bá mi di ìhín mú, kó má yọ̀."

Màmá na ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n di bátìrì mú. Páílọ́ọ̀tì kò tilẹ̀ yọ ọ́ kúrò lára ṣájà. Ó ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́.

A gbọ́ "ṣìììì."

"Ṣé ẹ rí i?" ni Màmá wí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Atẹ́gùn ni."

Òórùn kan wá gún mi nímú, ó dùn bí ọ̀dà tí mo fi ń kun èékánná. Mo la ẹnu láti sọ bẹ́ẹ̀. Kí n tó sọ ọ́, èéfín funfun bo ojú wa, iná sì yọ láti inú ohun kékeré yẹn, ó ń tu jáde bí ẹni pé wọ́n ń fẹ́ ẹ.

"Yéè! Ọwọ́ mi! Ọwọ́ mi o!"

Bátìrì bọ́ sórí ṣẹ́ẹ̀tì tó wà nítan Màmá. Páílọ́ọ̀tì fa ṣẹ́ẹ̀tì àti bátìrì pọ̀, ó jù wọ́n sílẹ̀, wọ́n sì bọ́ sínú ìrépé aṣọ. Ìyẹn náà gbaná. Ahọ́n iná lá dé orí tábìlì, sátíìnì apá bàálù ká kò, fóòmù ń yọ́, ó ń kán tó tó. Mo ń wo Màmá, mo ń wo abẹ́rẹ́ mi nílẹ̀, mi ò gbàgbọ́ pé nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ ń ṣẹlẹ̀.

Ìgbà tí ara mi wálẹ̀, mo sáré gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tí mo fi ń fọ irun. Mo ti gbé e sókè tán.

"Má dà á! Wáyà ṣì wà lára iná mànàmáná! Ṣé o fẹ́ kó gbé ẹ ni?"

Ìyá Fóònù ni. Bọ́kẹ́ẹ̀tì yanrìn tó máa ń wà lábẹ́ tábìlì wọn wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé wọ́n fẹ́ kọ́lé ni. Wọ́n pa iná láti ara ògiri, wọ́n da yanrìn bo bátìrì, aṣọ àti bàálù tó ń jó.

"Ẹ jáde! Gbogbo yín! Májèlé ni èéfín yìí!"

A gbé Màmá jáde. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ti pọ́n, awọ ìka méjì ti ṣí. Mo sáré wọlé mú ìpara irun, mo ti ń tú u.

"Kí lo fẹ́ fi yẹn ṣe?" ni Ìyá Fóònù bi mí.

"Kó lè tù wọ́n."

"Á sé ooru mọ́ inú ẹran ara ni. Omi ẹ̀rọ ló yẹ. Màmá, ẹ jẹ́ n yọ òrùka yìí kí ìka tó wú."

Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fi di ọwọ́ Màmá sábẹ́ omi ẹ̀rọ, kí wọ́n tó fi aṣọ mímọ́ bò ó, tí a sì wá ọkọ̀ tó gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Páílọ́ọ̀tì lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ omi nígbà tí a ń dúró de ọkọ̀.

"Ẹ̀mí ìyá mi ni mo fẹ́ fi ṣeré yìí."

"Dúpẹ́ pé ẹ̀mí wọn ṣì wà," ni Ìyá Fóònù wí, ohùn wọn kò le mọ́. "Gbọ́ mi. Inú bátìrì yìí rí bí aṣọ tí wọ́n ká. Ìpele wà lórí ìpele, ike fẹ́lẹ́ kan ló sì là wọ́n kí wọ́n má bàa kanra. Tó bá ti wú, inú rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Tí abẹ́rẹ́ bá lu ike náà, àwọn ìpele á kanra, iná dé."

"Ṣé ti bàálù nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?" ni mo bi wọ́n.

"Irú kan náà ló wà nínú fóònù rẹ."

Mo rọra yọ fóònù mi lápò. Láti oṣù tó kọjá ni ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń là, rọ́bà tí mo fi ń so irun ni mo fi dè é pọ̀. Abẹ́ ìrọ̀rí mi ni mo sì máa ń fi sí. Ìyá Fóònù wò ó, wọ́n wò mí. Wọ́n pa á, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n lọ rì í mọ́ inú ìkòkò yanrìn níta gbangba. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń fi bàálù ṣeré, ẹ̀yin tó ní fóònù, ìyẹn gbogbo wa, ẹ gbọ́ o. Bátìrì tó bá wú, tó bá rùn, tó gbóná láìnídìí, tàbí tó ti forí gbá nǹkan, ẹ má so ó mọ́ iná mọ́. Ẹ má gún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má sun ún, ẹ má sì jù ú sí ààtàn. Ẹ gbé e síta sínú ohun èlò irin tàbí ìkòkò tí yanrìn gbígbẹ wà nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ wá ẹni tó mọṣẹ́ tàbí ibi tí wọ́n ti ń gba ògbólógbòó bátìrì. Èyí tó dára pàápàá, ṣájà tó bá a mu ni kẹ́ ẹ lò, lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, jìnnà sí aṣọ, àga àti ibùsùn, ẹ má sì fi í sílẹ̀ lọ ibì kankan. Bí iná bá sọ tó sì ju agbára yín lọ, ẹ sá jáde ná, kẹ́ ẹ pe àwọn panápaná. Ẹrù kò tó ẹ̀mí. Ẹni tí iná bá jó, omi ẹ̀rọ ogún ìṣẹ́jú ni, kì í ṣe ìpara, kì í ṣe òróró, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn.

Páílọ́ọ̀tì ti ń kan bàálù mìíràn. Ìkòkò yanrìn ló kọ́kọ́ rà, kó tó ra pákó.

Ọwọ́ Màmá ti san, ṣùgbọ́n ìka méjì kò ká mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, tí mo bá ti pa ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń lọ jókòó tì wọ́n, kí n bá wọn gán bọ́tìnnì. Láti ọjọ́ náà, mi ò fún ẹnikẹ́ni ní abẹ́rẹ́ mi yẹn mọ́, àfi tí mo bá mọ ohun tó fẹ́ gún. Màmá á fi ọwọ́ òsì yẹ bọ́tìnnì tí mo gán wò, wọ́n á ní, "Ó dára, ọmọ mi."

Kò dára. Kì í pẹ́ já.