Ọwọ́ Kẹta

Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó lọ bi àna mi. Àwa méjèèjì ló ṣojú wa.

Ọkọ ọmọ mi, oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ló ṣe fìtílà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ wọn ní ìlú tó jìnnà. Ó fún èmi àti ìyá rẹ̀, àna mi, ní àpótí pelebe kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá gbọ́wọ́ lé tèmi, á ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ ńlá kan, ọ̀gá gbogbo wọn. Ọ̀gá á sọ fún fìtílà, fìtílà á tàn yẹ́lò lójú ọmọ. Ti àna mi, búlúù. Ẹ wo ayọ̀ arúgbó.

Àfi ọjọ́ tí ọmọ mi ní búlúù lọmọ ń rẹ́rìn-ín sí jù. Eyín mi rẹ́rìn-ín, inú mi ò bá a rín in. Mo jowú dé eegun. Owú ò mọ àgbà.

Lọ́jọ́ Ajé, mo lọ kí àna mi. Bó ṣe wọlé lọ bu omi fún mi, mo fa wáyà àpótí rẹ̀ yọ lẹ́yìn àga. Ó gbé omi dé, mo dúpẹ́. Lọ́jọ́ kejì, òun náà wá kí mi. Mo wọlé lọ bu omi fún un.

Lọ́jọ́bọ̀, ọ̀sán gangan, ó tún wà lọ́dọ̀ mi nígbà tí ọmọ mi pè.

"Màámi, ẹ gbọ́wọ́ kúrò. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni fìtílà ò ti kú."

"Àwọ̀ wo?"

"Funfun."

Kì í ṣe tèmi, kì í ṣe ti àna mi.

Ọkọ rẹ̀ gba fóònù. Ó ní gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n bá rán sí ọ̀gá ẹ̀rọ ló ń kọ sílẹ̀, òun sì ti wò ó. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àpótí àwa méjèèjì ò ránṣẹ́ kankan. Bóyá wáyà ló yọ.

Àna mi wolẹ̀. "Èmi ni mo yọ tiyín."

Mo ní, "Èmi náà ni mo yọ tiyín."

A fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ò jáde.

Àna mi bi ọmọ rẹ̀ pé ta ló wá ń tàn án. Ó ní àpótí méjì péré lòun ṣe.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi kọ́ ọmọ ọmọ mi lórí fóònù kó pe "Màmá Àgbà." Kò pè mí rí. Nínú fóònù, a gbọ́ tí ọmọ náà pè é, ketekete. Ọmọ mi ní fìtílà ló kọjú sí.

Ó ní ọmọ náà tẹ́tí sílẹ̀, bí ẹni tó ń gbọ́ èsì. Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín.

Àna mi di ọwọ́ mi mú. A jọ ń jowú, a ò mọ ẹni tí à ń jowú.