Oṣù Kẹjọ Tí Kì í Ṣe Tèmi

Ìyáàfin Harms yí bàtà náà dojú bolẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ gìgísẹ̀ rẹ̀, ó sì gbé e sí imú láti gbóòórùn awọ inú rẹ̀. Bàbá mi ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni a ti ń gbé bàtà tí à ń ṣe ní Ítálì wá sí ìpàtẹ ọjà ní Düsseldorf, ní Jámánì, kò sì sí oníṣòwò Jámánì kan tó dúró níwájú tábìlì wa ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ rí. Obìnrin yìí, tó ní ilé ìtajà mẹ́fà ní Hamburg, ti lo ogójì ìṣẹ́jú.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà náà. Ilenia ni orúkọ mi. Bàbá mi, Nazzareno, kò gbọ́ èdè Jámánì kọjá “ẹ káàárọ̀”. Èmi tí mo kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́ ni ògbufọ̀ rẹ̀.

“Bàtà yìí dára,” ni Ìyáàfin Harms wí. “Mo fẹ́ ẹgbẹ̀ta. Ìgbà wo ni yóò délẹ̀?”

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún bàbá mi. Ojú rẹ̀ tàn, ṣùgbọ́n kò kánjú.

“Sọ fún un pé àárín oṣù Kẹsàn-án ni. A máa ń ti ilẹ̀kùn fún ìsinmi ní oṣù Kẹjọ, kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Pàápàá lọ́dún yìí, Elvio ti gba àyè létí òkun fún Derna, oṣù kan gbáko. N kò lè gba oṣù Kẹjọ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn.”

Elvio yìí, tí èmi ń pè ní Bàbá Elvio, ló ń gé awọ fún wa láti ayé bàbá bàbá mi. Ní oṣù Kẹjọ ọdọọdún, nígbà tí gbogbo ìlú wa lórí òkè bá ṣófo, oko ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló máa ń lọ bá wọn ṣe. Lọ́dún yẹn, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ti dá Màmá Derna, ìyàwó rẹ̀, dùbúlẹ̀ láti ìgbà òtútù, Bàbá Elvio sì ti búra pé òun kò ní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ létí òkun fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Gbogbo wa la mọ̀.

Èmi náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Manolo ń dún létí mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, bẹ́líìtì ló ń tà nílẹ̀ òkèèrè, a sì jọ wọ ọkọ̀ ojú irin wá ni.

“Ilenia, ìlú oníìlú kì í ṣe abúlé wa o,” ó ti wí fún mi. “Ẹni tó bá ń sọ ‘rárá’ níbẹ̀, ebi ni yóò pa á. ‘Bẹ́ẹ̀ ni’ ni kó o máa wí. Tá a bá délé, a ó mọ bá a ṣe máa ṣe é.”

“Tí wọ́n bá wá bínú ńkọ́?”

“Ta ló ń bínú sí bàtà Ítálì? Àbí ìwọ náà ti di bàbá rẹ, tó ń ro nǹkan bíi pé ó fẹ́ bímọ?”

Mo wo Ìyáàfin Harms. Ó ti fi ìdérí dé kálàmù rẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ dìde.

“Ìparí oṣù Kẹjọ,” ni mo wí.

“Ó dá ọ lójú?”

“Ó dá mi lójú, mà.”

Ó ṣí kálàmù padà, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì bọ bàbá mi lọ́wọ́. Bàbá mi yíjú sí mi. “Ó gba oṣù Kẹsàn-án?” Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí a jókòó jẹun, ó gbé ife rẹ̀ sókè, ó ní, “Ọmọ mi ni ẹnu mi.” Manolo ṣẹ́jú sí mi.

Ìwé àdéhùn dé lédè Jámánì. Èmi ni mo kà á fún un. Mo fo ọjọ́ inú rẹ̀ dá, bàbá mi sì fọwọ́ sí i láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ń sọ fún ara mi pé ọjọ́ kì í ṣe òkúta, pé yóò yẹ̀. Oṣù Kẹrin kọjá, oṣù Karùn-ún kọjá. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú wọn ni mo lè fi sọ òtítọ́ kí ó má sì pa ẹnikẹ́ni lára. Ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ ni mo fi ṣe àwáwí.

Ní àárín oṣù Keje, ìwé mìíràn dé láti sọ ọjọ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù yóò dé ẹnu ọ̀nà wa. Bàbá mi ló kọ́kọ́ ṣí i. Nọ́ńbà kò nílò ògbufọ̀. Ó rí méjìdínlọ́gbọ̀n, ó rí mẹ́jọ.

“Ta ló sọ ọjọ́ yìí?”

“Èmi ni, Bàbá.”

Kò pariwo. Ó fa àga kan, ó jókòó. “Pè é. Sọ fún un.”

Mo pe Ìyáàfin Harms níwájú rẹ̀. Ó gbọ́ mi tán pátápátá kó tó dáhùn.

“Ọmọ mi, ká ní o sọ oṣù Kẹsàn-án fún mi ní oṣù Kẹta, oṣù Kẹsàn-án ni ǹ bá kọ. Ọ̀sẹ̀ méjì kì í ṣe nǹkan. Ní báyìí, mo ti kéde rẹ̀ nínú ilé ìtajà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo sì ti kó bàtà ẹlòmíràn kúrò lórí pẹpẹ. Ìdí tí mo fi béèrè ni pé mo fẹ́ mọ òtítọ́. Ọkọ̀ ń bọ̀.”

Nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀, tí n kò sì fo ìkankan, bàbá mi bo ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ bá Bàbá Elvio nídìí tábìlì tó ti ń gé awọ. Kò dárúkọ mi. Ó ní, “Elvio, mo ti ṣèlérí ohun tí kò yẹ kí n ṣe.”

Bàbá Elvio nu ọ̀bẹ rẹ̀. “Ṣé orúkọ rẹ ló wà lórí ìwé?”

“Orúkọ mi ni.”

“A jẹ́ pé a máa gé e nìyẹn. Kò sẹ́lòmíì tó lè gé awọ tín-ín-rín yìí, àfi tó o bá fẹ́ kí Manolo fi ẹnu gé e.”

Èmi ni mo gbé oúnjẹ lọ fún Màmá Derna lọ́jọ́ náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó wúkọ́, ó ní, “Má fajú ro, jàre. Òkun kò ní gbẹ kó tó di oṣù Kẹsàn-án.”

Ní oṣù Kẹjọ yẹn, fèrèsé wa nìkan ló ṣí ní gbogbo àdúgbò. Èmi ń to bàtà sínú páálí, Bàbá Elvio ń gé awọ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ó máa ń sáré lọ wo ìyàwó rẹ̀ ní ọ̀sán, á sì padà wá láìtíì jẹun. Ọkọ̀ dé ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, agogo mẹ́jọ àárọ̀ gééré. Kò sí bàtà kan tó dín.

Màmá Derna kú ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹsàn-án, lórí ibùsùn rẹ̀.

Níbi ìsìnkú, Bàbá Elvio di bàbá mi mú, ó ní, “O mú ọ̀rọ̀ rẹ ṣẹ, Nazzareno. Derna náà sọ bẹ́ẹ̀.” Mo gbọ́ ọ, n kò sì lè fara dà á mọ́. Lọ́jọ́ kẹta, mo lọ kan ilẹ̀kùn Bàbá Elvio, mo sì jẹ́wọ́ ohun gbogbo, títí kan ìwé àdéhùn tí mo fo ọjọ́ inú rẹ̀ dá.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Kí lo wá sọ fún mi fún? Kí ọkàn tìrẹ lè fúyẹ́?”

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Elvio…”

“Bàbá rẹ ti gbé ẹ̀bi yìí rù fún ọ. O wá gbé e lé èmi náà lórí. Máa lọ sílé.”

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, àwọn kan nínú yín yóò bá àjèjì dá òwò pọ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ óò pàdé irú Manolo tí yóò ní kí ẹ máa wí “bẹ́ẹ̀ ni” sí gbogbo ìbéèrè. Ẹ má gbọ́ tirẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. “Rárá” tí a sọ lásìkò kì í lé oníbàárà gidi. Ìlérí tí a fi asán ṣe kì í sì í lọ láìsan. Ẹlòmíràn ló sábà máa ń san án, ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ń ṣe é.

Bàbá Elvio ṣì ń gé awọ fún wa. Mo máa ń kí i láràárọ̀, ó sì máa ń dáhùn. N kò ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.