Ojú Ìwé Abẹ́rẹ́

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Mi ò fi iyọ̀ sí i, mi ò sì yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀. Ọgbọ̀n ọmọ ló jókòó síbẹ̀ lọ́sàn-án gangan tí wọ́n fi etí ara wọn gbọ́ ọ, kò sì sí èyí tó yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà nínú wọn títí di òní.

Tíṣà kíláàsì karùn-ún ló dá búlọ́ọ̀gì kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Obìnrin tí kì í pariwo ni, àmọ́ tó bá ti pinnu nǹkan, ó parí. Ó tọrọ kọ̀ǹpútà àlòkù márùn-ún, ó tò wọ́n sí ẹ̀yìn kíláàsì, ó sì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé tirẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń kọ̀wé. Àwọn ọmọ tí wọ́n máa ń sunkún tí a bá ní kí wọ́n kọ ìlà mẹ́ta péré sínú ìwé, àwọn náà ló wá ń jà du àga. Bàbá ọmọ kan ka ti ọmọ tirẹ̀ níbi iṣẹ́, ó sì fèsì. Láti ọjọ́ náà, ọmọ yẹn ò pa kíláàsì jẹ mọ́.

Èyí tó mọ̀ ọ́n kọ jù ni ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Abẹ́rẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Ó tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ mú, ohun tí ojú rẹ̀ bá rí náà ló ń kọ. Ìka méjì ló fi ń tẹ kọ̀ǹpútà. Á tẹ̀ ẹ́, á dúró. Á tún tẹ̀ ẹ́, á tún dúró.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ó kọ ọ́ báyìí: "Ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwa obìnrin ti sán. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó wọlé dé ọrùn ọwọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún un ṣe."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀gá ilé-ìwé ti dúró sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì.

"Tíṣà, ṣé ẹ fẹ́ ba ilé-ìwé yìí lórúkọ jẹ́ ni?"

"Sà, òótọ́ lọmọ náà kọ. Mo ti lọ wò ó."

"Mi ò bi yín bóyá òótọ́ ni. Ẹ pa á rẹ́."

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pe bíríkìlà, sà."

"Mo ní kẹ́ ẹ pa á rẹ́, níṣojú mi!"

Tíṣà pa á rẹ́. Ìka ara rẹ̀ ló fi tẹ̀ ẹ́. Abẹ́rẹ́ jókòó síbẹ̀, ó ń wò ó.

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún sí ọjọ́ yẹn, ògiri náà wó. Abẹ́rẹ́ nìkan ló wà nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ọ̀gá sọ fún àwọn òbí pé òjò ló fà á. Ó ń fi áńkáṣíìfù nu ojú bó ṣe ń sọ ọ́. Tíṣà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni inú ti ń bí i. Ó ń bínú sí ọ̀gá. Ó ń bínú sí ìka ara rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n padà sẹ́nu ẹ̀kọ́, ó tan kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ Abẹ́rẹ́ ti padà sójú ìwé rẹ̀, bó ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́.

Tíṣà ti ilẹ̀kùn.

"Ta ló ṣe é?"

Àwọn ọmọ na ọrùn wo kọ̀ǹpútà náà.

"Mo ní ta ló ṣe é? Ṣé òkú lẹ wá fi ń ṣeré báyìí?"

Ọmọbìnrin tí òun àti Abẹ́rẹ́ jọ máa ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà nawọ́. "Àǹtí, ẹ wo aago tó wà lábẹ́ ẹ̀."

Aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọjọ́bọ̀ náà gan-an. Ní àkókò yẹn, gbogbo wọn ló wà ní pápá. Tíṣà ló ti kíláàsì pa fúnra rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Ó yí ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n fi ń wọ búlọ́ọ̀gì náà padà. Kò sọ ọ́ fún ẹnì kankan.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, iná lọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà márààrún kú. Òjò ti ṣú níta, ewé kan ò mì. Àwọn ọmọ ń kùn lábẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà wọn ò kùn mọ́.

Kọ́.

Kọ́. Kọ́.

Kọ̀ǹpútà àárín ni. Kò sẹ́ni tó jókòó sídìí rẹ̀. Á dún, á dákẹ́. Á tún dún. Ọmọ kan fẹ́ sunkún, èkejì rẹ̀ fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Tíṣà rọra rìn lọ síbẹ̀. Ó rí i bí bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tẹ lẹ́tà ṣe ń lọ sílẹ̀ tó sì ń gòkè. Ó gbé ọwọ́ lé e. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ìgbà tí ọmọdé ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀.

Iná dé. Ọ̀rọ̀ tuntun ti wà lójú ìwé Abẹ́rẹ́.

"Ògiri kíláàsì kìn-ín-ní náà ń sán. Ẹ̀yìn pátákó ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa eléyìí rẹ́."

Tíṣà sáré lọ pe ọ̀gá. Ọ̀gá wá, ó kà á, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́."

"Èmi kọ́, sà."

"Ẹ pa á rẹ́."

"Mi ò pa á rẹ́."

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní mi ò pa á rẹ́! Mo pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, ẹ wo ibi tó gbé wa dé. Ẹ fi ọwọ́ ara yín pa á!"

Ọ̀gá tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà lọ. Kó tó gbọ́wọ́ kúrò, ó ti padà. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún padà. Lẹ́ẹ̀kẹta, ìlà kan ti kún un: "Ẹ jọ̀ọ́, sà."

Tíṣà ò dúró mọ́. Ó wọ kíláàsì kìn-ín-ní, ó já pátákó kúrò lára ìṣó. Ògiri náà ń dán. Kò sí ojú ibi tó sán, bó ti wù kó kéré mọ.

"Ṣé o ti rí i báyìí, ìwọ obìnrin yìí?" Ọ̀gá ti dé ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti kúrò ní "ẹ", ó ti di "o".

Tíṣà gbé etí lé ògiri. Ohun tó gbọ́ níbẹ̀, kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn yíjú padà ni, ó kó gbogbo àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ náà jáde sí pápá nínú òjò, ó sì ń jágbe mọ́ ẹni tó bá fẹ́ dá a dúró.

Ọjọ́ náà ni wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́.

Ògiri ò wó. Síbẹ̀, àwọn òbí ò jẹ́ kí ọmọ wọn wọ yàrá yẹn mọ́. Láti fi hàn wọ́n pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ọ̀gá gbé tábìlì tirẹ̀ wọ ibẹ̀. Ó ń jókòó síbẹ̀ lójoojúmọ́, ó kọ ẹ̀yìn sí ògiri náà.

Ìyá Abẹ́rẹ́ ń ránṣọ. Tíṣà wá a lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Màmá, ọmọ yín kọ ọ́ pé ògiri yẹn ti sán. Èmi ni mo pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́."

Máṣíìnì dúró. Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ fún obìnrin náà pé ọmọ rẹ̀ kọ nǹkan kan. Tíṣà ròyìn gbogbo rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ dìde," ni ìyá Abẹ́rẹ́ wí. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Ẹ dìde nílẹ̀ kí n tó ṣe ohun tí mi ò fẹ́ ṣe. Ẹ fi hàn mí."

Tíṣà ṣí ojú ìwé náà lórí fóònù, ó nà án sí i. Ìyá náà ń kà á. Ó kà á tán, ojú rẹ̀ ò kúrò níbẹ̀. Ojú náà tún bẹ̀rẹ̀ sí rìn, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ń kọ nǹkan sí lọ́wọ́lọ́wọ́. Tíṣà na ọrùn. Ìyá náà yára dojú fóònù bo àyà.

"Ẹ̀yin kọ́ ló kọ ọ́ sí."

Ó tún wò ó. Ó kà á dé òpin. Lẹ́yìn náà, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Tíṣà ń retí pé kó padà. Kò padà. Títí di òní, ojú ìwé yẹn funfun báláú.

Ìyá Abẹ́rẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù, ó sì kọrí sí ilé-ìwé.

"Màmá, kí ló kọ?"

Kò wẹ̀yìn.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ló sọ ìyókù. Ó ní obìnrin náà wọ kíláàsì kìn-ín-ní, kò sì pẹ́ níbẹ̀. Òun ò gbọ́ ariwo. Lẹ́yìn tó jáde, ọ̀gá náà jáde, kò wọ bàtà, ó kọjá lára mọ́tò ara rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i, ó gba géètì kọjá, ó ń lọ. Kò sẹ́ni tó tún fojú kàn án láti ìgbà náà. Ògiri yẹn ṣì dúró.

Nígbà tí Tíṣà padà dé ṣọ́ọ̀bù, ìyá Abẹ́rẹ́ ti jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀.

"Màmá, kí lẹ ṣe fún un?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan fún un." Ó ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ máṣíìnì. "Ohun tí ọmọ mi kọ ni mo kà sí i létí."