Ilẹ̀ Dídì Tí Nélida Wá Wò

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí Nélida. Mo rò pé àdúrà ló ń gbà, mo sì ṣí fìlà mi. Ìgbà tí mo súnmọ́ ọn ni mo rí i pé páìpù irin ló ń fi òòlù gbá wọ inú ilẹ̀ dídì, níbi tí àwọn alpáka mi, ẹran onírun bí àgùntàn, ti ń jẹko.

"Ẹ jọ̀ọ́, bùọ̀dá, ẹ dúró síbẹ̀ yẹn," ló wí. "Atẹ́gùn ń gbé eruku ara yín wá sórí ilẹ̀ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò."

"Ṣé mò ń rùn ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀ o."

"Tó bá jẹ́ góòlù lẹ ń wá, ẹ ti ṣìnà. Òdìkejì òkè lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń wà á."

"Èéfín wọn ni mò ń wá."

Ó ṣàlàyé fún mi. Àwọn awakùsà ń fi mẹ́kúrì, irin olómi tó jẹ́ májèlé, kó góòlù jọ, wọ́n á wá fi iná sun ún. Mẹ́kúrì náà á bá èéfín lọ, atẹ́gùn á gbé e gun òkè, òtútù á sì mú un mọ́lẹ̀ sínú ilẹ̀ wa, ti ọdún kan lórí ti òmíràn. Bí ilẹ̀ náà bá yọ́, ó lè ṣàn wọ inú omi tí àwa àti ẹran wa ń mu.

"Mo fẹ́ mọ bó ṣe pọ̀ tó, kó tó yọ́," ló wí.

Ọdọ̀ wa ló dé sí. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi láámà mi gbé ẹrù rẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń da ẹran lórí òkè yẹn, mi ò mọ̀ pé ó ń pa gbogbo ohun tí ọmọ ènìyàn ṣe mọ́ sínú. Òtútù bó ọmọbìnrin yìí lọ́wọ́, síbẹ̀ orin ìyìn ló ń kọ jẹ́jẹ́ bó ṣe ń gbá òòlù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá tó dá a. Ìfẹ́ rẹ̀ wọ̀ mí lọ́kàn pátápátá.

Inú màmá mi, Saturnina, kò dùn.

"Ó ń jẹ ọbẹ̀ mi, ó ń wá àbùkù ilẹ̀ mi," ló ń kùn. "Tí wọ́n bá gbọ́ pé májèlé wà níbí, ta ni yóò ra irun alpáka wa? Má ro irú ìyàwó bẹ́ẹ̀ wò rárá, Eleuterio."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin, Nélida to páìpù mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, pẹ̀lú ilẹ̀ dídì nínú wọn, síta lẹ́yìn ògiri ilé wa. Ó ti lọ sùn nígbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Nílé tiwa, ẹrù àlejò kì í sùn síta. Mo kó wọn wọlé, mo sì tò wọ́n ti ààrò tí a ń fi ìgbẹ́ alpáka gbígbẹ dáná sí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi ti ń kán lábẹ́ gbogbo wọn. Gbogbo ọdún inú wọn ti pò pọ̀ di ẹrẹ̀.

Nélida ò pariwo. Ó yíjú sí màmá mi. "Màmá, ẹ ò bá ti ní kí n máa lọ. Kò yẹ kí ẹ ba iṣẹ́ mi jẹ́."

Mo mọ̀ pé tí mo bá dákẹ́, orí màmá ni ẹ̀bi náà yóò wà, Nélida yóò sì máa rẹ́rìn-ín sí mi lọ.

"Èmi ni," mo wí.

"Ìwọ? Ìwọ tó ń wò mí lójoojúmọ́ bí mo ṣe ń fi òtútù pa wọ́n mọ́?"

"Mo rò pé mò ń ṣe ọ́ lálejò ni."

"O ò wá lè bi mí!" Omijé dà lójú rẹ̀. "Má tẹ̀lé mi mọ́."

Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí mi ò lè gbàgbé. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ náà níwájú màmá mi. "Màmá, mo fẹ̀sùn èké kàn yín. Ẹ dárí jì mí."

Màmá na ọwọ́ sí i. "Dìde, ọmọ mi. Ẹni tó lè tọrọ àforíjì báyìí kò ní purọ́ mọ́ ilẹ̀ mi." Ó mú fìlà rẹ̀. "Eleuterio ò mọ ibi tó tutù jù. Ẹ̀yìn àpáta kan wà tí oòrùn kì í dé. Fọ páìpù rẹ ká lọ."

"Èmi ńkọ́, Màmá?"

"Ìwọ da láámà. Má fọwọ́ kan nǹkan míì."

Àwọn méjèèjì ṣíwájú, mo ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Létí odò kan, Nélida dúró dè mí.

"Kí ló dé tó o fi ń rìn bí ìgbín?"

"O ní kí n má tẹ̀lé ọ."

"Ìgbà wo lo di onígbọràn?" ló wí, ó sì gba okùn láámà lọ́wọ́ mi.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tó gbé ilẹ̀ dídì tuntun lọ yẹ̀ wò nílùú ńlá, ó gbé èsì dé. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, ó dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré wa láti sọ ọ́ fún wa, kó tó sọ fún ẹnikẹ́ni lóde. Mẹ́kúrì wà nínú òkè wa. Ti àwọn ọdún àìpẹ́ yìí ló sì pọ̀ jù. Omi wa ṣì mọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a jọ kọ̀wé sí ìjọba kí èéfín náà tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. "Ọmọ ìlú ńlá, ta ló rán ọ sí wa?" ni ẹnìkan kígbe. "Ṣé o fẹ́ kí ebi pa wá ni?"

Màmá mi dìde, Bíbélì lábẹ́ apá.

"Ìyàwó ọmọ mi ló ń sọ̀rọ̀," ló wí. "Ẹ jẹ́ kó parí rẹ̀."

Ẹnu yà mí, torí mi ò tíì bi Nélida bóyá yóò fẹ́ mi. Ó wò mí lójú, ojú tì í, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ṣé, Màmá," ló wí, ó sì ń ka ìwé rẹ̀ lọ.